Omi Nìkan Kò Wo Ajá Sàn

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé, "Ajá tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ." Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro. Bí ajá ti wù kí ó gbójú tó, bí kò bá gbọ́ ohùn ọdẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní í lè kojú ẹranko tí ó gbọ́n, tí ó sì ní ọwọ́ bí ènìyàn. Ohùn ọdẹ ni agbára ajá. Àdéhùn kan wà nínú òwe náà láàárín ajá àti ẹni tí ó ni ín: ajá yóò fi imú rẹ̀, etí rẹ̀, eyín rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sin olówó rẹ̀, olówó rẹ̀ náà yóò sì dúró tì í.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Nígbà tí ajá bá darúgbó, tí orúnkún rẹ̀ wú, tí ìbàdí ń ro ó, tí ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tiro, tí ó ń wo àtẹ̀gùn ilé bí ẹni ń wo òkè gíga, ta ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀? Ajá kò lè fi ẹnu sọ ibi tí ó ń dùn ún. Kò lè bẹ̀ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ sí oníṣègùn. Ọ̀pọ̀ ajá kì í tilẹ̀ ké. Ńṣe ni wọ́n ń dákẹ́, tí wọ́n ń sùn púpọ̀, tí wọn kì í sáré pàdé ẹni tí ń bọ̀ láti ọjà mọ́. Bí olówó wọn kò bá ní ojú inú, yóò pe ìrora ní ọ̀lẹ.

Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ń fún ìbéèrè yìí lónìí ni omi. Àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé nítorí ajá tí ó yarọ ni a ṣe kọ́ wọn. Nínú àwọn kan, adágún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó wà láàárín ilé, tí a ṣe ọ̀nà dagẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ajá má baà fò sínú rẹ̀ lójijì. Nínú àwọn mìíràn, àpótí ńlá onígíláàsì ni a gbé kalẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà gbọọrọ tí ẹ̀rọ ń yí. Ajá yóò wọ inú àpótí náà nígbà tí ó gbẹ, a ó ti ilẹ̀kùn, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gòkè. Yóò bo èékánná rẹ̀, yóò kan orúnkún rẹ̀, yóò sì dé ìbàdí. Nígbà náà ni rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, ajá yóò sì máa rìn láìkúrò lójú kan. A kì í jẹ́ kí omi náà tutù, a kì í sì í jẹ́ kí ó gbóná jù. Ìwọ̀n bíi 28 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó wọ́pọ̀. Olùtọ́jú a dúró tì í, a máa wo bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ajá tí ó ti ń ká ẹsẹ̀ kan sókè ní orí ilẹ̀ líle lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ ilẹ̀ nínú omi.

Èrò àwọn ènìyàn lórí ọ̀ràn yìí pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí owó ń yún lápò nìkan ni ó lè máa gbé ajá lọ sí ilé ìwẹ̀. Àwọn kejì sì ti sọ omi di oògùn gbogbo àìsàn. Bí ajá bá yarọ, omi. Bí ó bá sanra, omi. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, omi. Àṣìṣe ni ti ìhà méjèèjì. Omi ní agbára tòótọ́ lára ajá tí ó yarọ, ṣùgbọ́n apá kan ni ó jẹ́ nínú ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá mú apá kan, tí ó pè é ní odidi, yóò ná owó rẹ̀, ajá rẹ̀ yóò sì máa jìyà lọ.

Kí omi tó di ìtọ́jú ajá, ìtọ́jú ènìyàn ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lọ nípa rẹ̀ ni Vincenz Priessnitz, ọmọ àgbẹ̀ kan tí a bí ní 1799 ní Gräfenberg, abúlé orí òkè kan tí ó wà ní ilẹ̀ Czech lónìí. Omi tútù ni ó fi ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹranko ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà: ó rí àgbọ̀nrín kan tí ó fara gbọgbẹ́, tí ó ń wá sí ibi ìsun omi láti rẹ ojú egbò rẹ̀ sínú omi títí ó fi jinná. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé gbèsè àtijọ́ ni ènìyàn ń san fún ẹranko nígbà tí ó bá gbé ajá rẹ̀ wọ omi. Lẹ́yìn Priessnitz ni àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Jámánì, Sebastian Kneipp, tẹ ìwé kan jáde ní 1886 lórí bí a ṣe ń fi omi tọ́jú ara. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí ni pé Kneipp kò dúró lórí omi nìkan. Ó fi ewé àti egbò kún un, ó fi oúnjẹ tí ó tọ́, ìdárayá àti ìgbé ayé létòlétò kún un pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi omi di olókìkí gan-an mọ̀ pé omi kò tó.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti Franklin Roosevelt, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ní 1921 àrùn kan tí àwọn oníṣègùn pè ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ní 1924 ó lọ sí Warm Springs ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń sun láti inú ilẹ̀. Nínú omi náà, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e dúró ní orí ilẹ̀ ṣe é mì. Ara rẹ̀ yá, ìrètí rẹ̀ sọjí, ó sì ra ibẹ̀ kí àwọn mìíràn tí ó rí irú àjálù bẹ́ẹ̀ lè rí ìtọ́jú. Síbẹ̀, títí ó fi kú ní 1945, kò tún lè dá rìn láìsí ìrànlọ́wọ́. Omi ràn án lọ́wọ́. Omi kò wo àrùn náà sàn. Ohun méjèèjì ni òtítọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ òótọ́ nípa omi gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì pọ̀.

Kí ni ó wà nínú omi tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí? Kì í ṣe idán rárá. Ẹni tí ó bá ti fa omi nínú kànga rí mọ ìdáhùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí garawa tí ó kún bá ṣì wà nínú omi, ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá yọ kúrò lójú omi, okùn a le, apá a ro, ẹni tí ń fà á a sì ní láti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Garawa náà kò yí padà. Omi ni ó ti ń bá a gbé e. Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Syracuse, ni ó ṣàlàyé òfin yìí ní ohun tí ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn: ohunkóhun tí a bá tì bọ inú omi, omi yóò máa tì í sókè pẹ̀lú agbára tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí nǹkan náà lé kúrò ní àyè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ajá. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìwòsàn ẹranko kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú ajá dúró nínú omi, wọ́n sì wọn ẹrù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rù. Nígbà tí omi dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹrù náà fi 9 nínú 100 dín. Nígbà tí omi dé orúnkún, ó fi 15 nínú 100 dín. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi dé ìbàdí, ó fi 62 nínú 100 dín. Èyí ni pé ajá tí ó wọn kìlógíráàmù 30 ní orí ilẹ̀, bíi kìlógíráàmù 11 péré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé nígbà tí omi bá mù ún dé ìbàdí. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí èyí jẹ́ fún oríkèé tí ó ti jẹ, tí egungun ń ha egungun!

Omi tún ní iṣẹ́ kejì. Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti sáré nínú odò tí ó mù ún dé itan mọ̀ pé omi kì í gba ni láyè bí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí egungun ti ń sinmi nínú omi, iṣan ń ṣiṣẹ́. Àǹfààní ńlá ni èyí. Ajá tí ó yarọ kì í fẹ́ lo ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Ẹsẹ̀ tí a kò bá lò a máa rù. Ẹsẹ̀ tí ó bá rù kò lè gbé oríkèé ró. Oríkèé náà a sì túbọ̀ máa ro. Bẹ́ẹ̀ ni ìyà náà yóò máa yí bí òkòtó. Ọwọ́ omi lè tẹ òkòtó yìí, kí ó dúró. Iṣẹ́ kẹta ni ti ooru. Àwọn ìyá tí ń ti aṣọ bọ omi gbígbóná láti fi jó ẹsẹ̀ ọmọ tí ó rọ́ ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ooru a máa tú iṣan tí ó ti gan, a sì máa dín ìrora kù.

Ẹ̀rí wà fún gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ka ẹ̀rí náà dáadáa. Nínú orúnkún ajá, okùn iṣan kan wà tí ó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun. Bí okùn yìí bá já, ajá a yarọ, a sì sábà máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní 2002, ìròyìn kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ajá ńláńlá 51 tí a ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún. A dá ìrìn àwọn kan dúró kí wọ́n lè sinmi. A fún àwọn yòókù ní ìtọ́jú létòlétò: a fi ọwọ́ ra iṣan wọn, a mú wọn rìn, a sì mú wọn lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn oṣù 6, àwọn tí ó rí ìtọ́jú yìí ń tẹ ẹsẹ̀ tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára ju àwọn tí a ní kí ó sinmi lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kánjú yóò wí pé, "Kò ní àríyànjiyàn mọ́, omi ni ó wò wọ́n." Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ọ̀bẹ oníṣègùn wà níbẹ̀, ọwọ́ olùtọ́jú wà níbẹ̀, ìrìn orí ilẹ̀ wà níbẹ̀, omi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìròyìn mìíràn tún jáde ní ọdún 2002 kan náà, èyí tí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú omi, tí ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbé ajá lọ sínú omi mọ̀. Wọ́n kó ọmọ ajá Labrador 48 jọ, wọ́n sì pín wọn ní méjì-méjì, ọmọ ìyá kan náà sí ọmọ ìyá kan náà. Láti kékeré títí tí wọ́n fi kú, ohun tí ọ̀kan nínú méjì ń jẹ fi 25 nínú 100 dín sí ti èkejì. Ìdajì àwọn tí ó ń jẹ púpọ̀ ti kú kí wọ́n tó pé ọdún 11 àti oṣù díẹ̀. Àwọn tí ó ń jẹ níwọ̀n, ó di ọdún 13 kí ìdajì wọn tó lọ. Ọjọ́ ayé wọn fi ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 2 gùn ju ti ọmọ ìyá wọn lọ, ó sì pẹ́ kí làkúrègbé tó mú wọn dé ojú oògùn. Kò sí àpótí onígíláàsì nínú èyí, kò sí ẹ̀rọ, kò sí adágún. Ìwọ̀n ṣíbí tí a fi ń bu oúnjẹ ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ajá rẹ̀ wọ omi ní ìgbà 2 lọ́sẹ̀, tí ó sì ń fún un ní àjẹkì ní ọjọ́ 7, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó fi ń kọ́ ilé, tí ó ń fi ti òsì wó o.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùtọ́jú ajá lónìí ni pé odidi ajá ni ó yẹ kí a tọ́jú, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Oúnjẹ ajá, ibùsùn rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ àti ayọ̀ rẹ̀ so kọ́ra bí okùn àwọ̀n. Bí a bá fa ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ a mì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọgbọ́n yìí pàápàá ti di èyí tí àwọn oníṣòwò kan fi ń ta ọjà. Wọ́n a kọ ọ́ sára ìgò pé ewé àti egbò nìkan ni a fi ṣe oògùn, bí ẹni pé ohun tí ó bá ti hù láti inú ilẹ̀ kò lè pa ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlùbọ́sà tí ń mú ọbẹ̀ ènìyàn dùn a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Èso àjàrà lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó jẹ́ oúnjẹ fún olówó lè jẹ́ májèlé fún ajá rẹ̀.

Omi náà ní ewu tirẹ̀. Ajá tí ó ní ọgbẹ́ tí kò tíì jinná, ajá tí ibà ń ṣe, ajá tí ó ń ṣu omi, ajá tí ọkàn rẹ̀ kò le tàbí tí wárápá ń mú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré tì í bọ omi láìjẹ́ pé oníṣègùn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ajá tí ń lúwẹ̀ẹ́ lè gbé omi mì púpọ̀ jù, kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín kù jù, kí ó sì kú. Omi tí ó dúró, tí eku ti tọ̀ sí, lè kó àrùn bá ajá àti ẹni tí ó gbé e wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá ni omi sì ń bá lára mu. Ajá tí ń gbọ̀n láti ojú àtẹ̀gùn adágún, ìbẹ̀rù rẹ̀ lè pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni òfin Ìlú Ọba, láti 1966, fi fi àyẹ̀wò àrùn ẹranko sí ọwọ́ oníṣègùn ẹranko tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Olùtọ́jú inú omi kì í fi ojú ara rẹ̀ sọ àrùn; ìwé oníṣègùn ni ó ń tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gbé ajá léfòó, tí kò sì mọ ìdí tí ajá fi ń tiro, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń kun ọ̀dà sára ògiri tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà.

Ẹnìkan lè wá wí pé, "Gbogbo èyí dára fún àwọn tí ó ní owó. Àwọn ọmọ ènìyàn wà tí kò rí oúnjẹ jẹ. Èwo ni ti ajá?" Ìbéèrè pàtàkì ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìtọ́jú ajá àti ìtọ́jú ènìyàn kò jìnnà síra bí a ti rò. Àrùn dìgbòlugi ni ẹ̀rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bíi 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú 100 tí ó bá mú, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé láti ara ajá ni ó ti wá. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè é. Ohun tí ó sì yani lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mú a máa bẹ̀rù omi. Bí a bá gbé ife omi sí i lẹ́nu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a fún pọ̀, a sì máa gbọ̀n. Omi tí kò ní ọ̀tá, àrùn yìí sọ ọ́ di ọ̀tá.

Kò sí adágún tí ó lè wo èyí sàn. Ohun tí ó ń dá a dúró ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ lò fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 9 kan tí ajá bù jẹ ní 1885. Síbẹ̀, omi kò ṣàì ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti ṣe ni kí a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú eyín náà fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kí a sáré gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá fọ egbò, tí ó wá jókòó sílé, ti fi apá kan ṣe odidi, ó sì lè fi ẹ̀mí dí i. Òfin kan náà ni ó ń bá ajá tí ó yarọ àti ọmọ tí ajá bù jẹ wí: omi dára, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá wà.

Nítorí náà, kò yẹ kí ọmọ ilé ìwé tí ó ní ajá ní ilẹ̀ Yorùbá rò pé, nítorí pé kò sí àpótí onígíláàsì ní àdúgbò rẹ̀, ọ̀ràn yìí kò kàn án. Ọ̀pọ̀ ajá tí ń ṣọ́ ilé ní àwọn ìlú ńláńlá ni a ń tì mọ́ inú àhámọ́ kótópó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n ń sùn lórí sìmẹ́ńtì lásán, tí wọ́n ń jẹ àjẹkù ọbẹ̀ aláta, tí wọn kò sì mọ ojú oníṣègùn títí ọjọ́ ikú. Ìtọ́jú odidi lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láìná owó púpọ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára lákòókò rẹ̀; oògùn aràn; ọwọ́ tí ń wá eégbọn nínú irun; omi mímọ́ nínú àwo tí a fọ̀ lójoojúmọ́; oúnjẹ tí a wọ̀n; àpò tí ó nípọn lórí sìmẹ́ńtì kí ara ajá má baà gan; ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Wọ́n ń kọ́ oníṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ń kọ́ wọn ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ìmọ̀ náà kò jìnnà. Bí ajá tí a ti ṣe gbogbo èyí fún bá wá yarọ, tí oníṣègùn sì wí pé omi yóò ràn án lọ́wọ́, nígbà náà ni omi yóò rí ibi tí yóò dúró lé lórí láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Èdè Yorùbá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kí àwọn olùwádìí tó sọ ọ́. Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn, Yorùbá a ní ó ń wò ó. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, a ní wọ́n wò ó sàn. Ojú ni ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Kí omi tó lè wo ajá sàn, olówó rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wò ó: kí ó wo bí ó ti ń dìde ní òwúrọ̀, kí ó wo àwo oúnjẹ rẹ̀, kí ó wo ẹsẹ̀ tí ó ń gbé sókè, kí ó sì wo ọjọ́ tí kò wá sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ajá tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ nígbà èwe rẹ̀. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, nígbà tí ọ̀bọ ń ṣeré lórí igi tí kò sì lè sáré mọ́, ẹni kan náà ni ó yẹ kí ó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.